Ó Rẹ̀ Mí, Ó Sú Mi: Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìwádìí Máṣítà àti Ọ̀mọ̀wé Lórí Àlàáfíà Eléré Ìdárayá

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní pápá ìṣeré kan n'Ìbàdàn, mo pín ìwé ìbéèrè fún àwọn ọmọ tó ń sáré. Èdè Òyìnbó ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀ pé iṣẹ́ ti ń parí lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń sá irínwó mítà dé ìbéèrè kẹrin, ó gbé bírò sókè, ó wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó rẹ̀ mí lẹ ń bèèrè ni, àbí ó ti sú mi?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lò nínú ìwé náà ti kó méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó rẹ̀, tó bá jẹun tó sì sùn, á tún dé pápá lọ́la. Ẹni tó ti sú lè sùn títí oòrùn á fi là, bàtà sípáíkì rẹ̀ ni kò fẹ́ fojú rí mọ́. Mo kó gbogbo ìwé tí mo pín lọ́jọ́ náà nílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi.

Kí irú oṣù méjì bẹ́ẹ̀ má bàa gbà lọ́wọ́ yín ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka Human Kinetics, ẹ̀ka físíò, ẹ̀ka ìlera gbogbo ènìyàn tàbí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, tí ẹ fẹ́ ṣèwádìí lórí eléré ìdárayá tàbí eré ìgbafẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

1. Ẹ jókòó sí pápá kí ẹ tó yan àkọlé

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà tàbí Norway, a ó yọ orúkọ ìlú wọn kúrò, a ó fi "Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́" dí àlàfo rẹ̀. Àkọlé dé. Àmọ́ ohun tó ń jẹ eléré ìdárayá lọ́kàn níbẹ̀ lè má jẹ́ òun ló ń jẹ tiwa. Ní oṣù Keje ọdún 2021, eléré ìdárayá 10 láti Nàìjíríà ni wọn kò jẹ́ kó kópa ní Òlíńpíìkì Tokyo. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn o. Iye àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni kò pé. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi gbára dì, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò ṣe ló bà á jẹ́. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n kọ fún ẹni tí ìjọba rẹ̀ kì í já kulẹ̀ kò ní bi ènìyàn ní irú ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ lọ jókòó ní pápá Adámásingbà, tàbí Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, tàbí pápá inú ọgbà yunifásítì yín, kódà ibi tí wọ́n ti ń gbá mọ́ńkì pósìtì ládùúgbò. Ẹ má bèèrè nǹkan kan. Ẹ kàn ní ìwé kékeré lọ́wọ́, kí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Ta ló fẹsẹ̀ rìn wá? Ta ló ń tiro tó sì ń fi pamọ́? Ìgbà wo ni wọ́n jẹun kẹ́yìn? Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tèmi pé, mo wo inú ìwé náà, nǹkan mẹ́ta ló ń padà wá ṣáá: owó ọkọ̀, ebi, àti "kóòṣì ò gbọdọ̀ gbọ́". Kò sí èyí tó wà nínú àkọlé tí mo gbé wá láti ilé.

Bí eré ìgbafẹ́ ni tiyín, ọ̀nà kan náà ni. Àwọn àgbàlagbà tó ń ṣe kíípù-fíìtì láàárọ̀ Sátidé, àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò wá nítorí ara líle rárá. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ ló ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

2. Ẹ gé àkọlé kù

"Àlàáfíà eléré ìdárayá ní Nàìjíríà" kì í ṣe àkọlé, òkun ni. Ẹ mú ohun kan, ẹgbẹ́ kan, àkókò kan. Oorun àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin yunifásítì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ìyẹn jẹ́ àkọlé. NUGA ti wà láti ọdún 1966, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, síbẹ̀ iṣẹ́ lórí bí àwọn ọmọ ṣe ń sùn nígbà tí ìdánwò àti ìdíje bá bọ́ sí àkókò kan náà ṣì pọ̀ nílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò ṣe é.

Ẹ má rò pé ìbàlẹ̀ ọkàn nìkan ni àlàáfíà, ti ara náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989 ni Sam Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣubú ní pápá Surulere nígbà tí a ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Angola, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò ọkàn àyà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kéékèèké, ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é, àkọlé ọ̀mọ̀wé gidi ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ tí kò tó agbára tí eléré ìdárayá ń ná. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé sọ ọ́ lórúkọ ní 2014, wọ́n pè é ní RED-S. Ó ń dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, ó ń sọ egungun di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ó sì ń mú àwọn ọkùnrin pẹ̀lú.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán àkọlé wò rọrùn: ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín lédè Yorùbá. Tí ẹ bá ní láti mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí, ó ti gùn jù. Tí wọ́n bá dáhùn pé "Ẹ̀n, kí lẹ wá fẹ́ mọ̀ níbẹ̀?", ẹ ò tíì ní ìbéèrè nìyẹn.

3. Alámòójútó

Ẹ wá ẹni tó ti bá eléré ìdárayá ṣiṣẹ́ rí, kì í ṣe ẹni tó lókìkí jù. Ẹ mú ojú ìwé méjì péré lọ bá wọn: ohun tí ẹ rí ní pápá, ìbéèrè kan, ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ní kí ẹ yí i padà, ẹ bèèrè ìdí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n lè gbàgbé pé àwọn ni wọ́n ní kí ẹ yí i.

4. Irinṣẹ́, àti èdè tó wà nínú rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má ṣe jókòó kọ ìwé ìbéèrè tuntun láti inú orí ara yín, nígbà tí àwọn tí ayé ti dán wò wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ n ka díẹ̀.

WHO-5, ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń wọn bí inú ènìyàn ṣe dùn tó, ní ìbéèrè márùn-ún péré, ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló ń bèèrè nípa rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 sí 5. Ẹ ó ro ó pọ̀, ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó di máàkì nínú 100. Kì í gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. PSQI wà fún oorun: ìbéèrè 19, oṣù kan ló ń wò, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 21, ẹni tó bá sì ti kọjá 5, oorun rẹ̀ kò dára. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí ẹ tó lò ó. APSQ, tó ń wo ìdààmú ọkàn, ní ìbéèrè 10, eléré ìdárayá gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Òun ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú SMHAT-1, àkójọ irinṣẹ́ fún yíyẹ ìlera ọpọlọ eléré ìdárayá wò, tí Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé gbé jáde. Ẹni tó bá gba 17 sókè, ó yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i. Ẹ kíyè sí i: mo ní ẹni tó mọṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ máṣítà kì í sọ fún ènìyàn pé ó ní àìsàn ọpọlọ.

Èyí tó wá sún mọ́ ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn jù ni ABQ, ìwé ìbéèrè lórí bí eré ṣe ń sú eléré ìdárayá, tí Raedeke àti Smith ṣe ní 2001. Ìbéèrè 15 ló ní, ó sì pín sí mẹ́ta: àárẹ̀ ara àti ọkàn, kí ènìyàn máa rò pé òun ò ṣe dáadáa tó, àti kí eré náà má já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni mọ́. Ó rẹ̀ mí wà ní ìpín kìíní. Ó sú mi, ìpín kẹta ló tẹ̀ sí. Ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ ABQ rí ti pín in bó ṣe yẹ kí n pín in.

Ìwé ìbéèrè nìkan kò tó o. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní pápá ṣe wúwo tó, ẹ lè wọ̀n ọ́n láì ná kọ́bọ̀. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìdánrawò, ẹ bi eléré ìdárayá kọ̀ọ̀kan pé, láti 0 dé 10, báwo ni tòní ṣe le tó? 0 ni ìsinmi, 10 ni kí agbára pin pátápátá. Ẹ fi ìṣẹ́jú tí wọ́n lò sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdánrawò 90 ìṣẹ́jú tó jẹ́ 7 yóò fún yín ní 630. Ẹ bi kóòṣì náà ní tiẹ̀, lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ àárín nọ́ńbà kóòṣì àti nọ́ńbà ọmọ lè tó orí kan nínú tíísìs.

Nísinsìnyí, ìtumọ̀. Ẹ wá ẹni méjì tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, kí oníkálukú túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá láì rí ti ẹnì kejì. Ẹ jókòó pọ̀, ẹ sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ẹ wá gbé e fún ẹni kẹta tí kò rí ti Òyìnbó rí, kó dá a padà sí Òyìnbó. Láti 1970 tí Brislin ti kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ ni ayé ti ń lò ó. Àmọ́ ọ̀pọ̀ máa ń dúró níbẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ló sì yẹ kí wọ́n dúró. Ẹ gbé e lọ bá eléré ìdárayá mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé ẹ ń bèèrè.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìbéèrè kìíní WHO-5 ń bèèrè bóyá inú ènìyàn dùn, tí ara rẹ̀ sì yá. Òyìnbó ibẹ̀ lo ọ̀rọ̀ tó jọ "ẹ̀mí". Atúmọ̀ mi, tó jẹ́ olùkọ́ èdè, tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́, ó kọ "mo ní ẹ̀mí rere". Ẹni tó dá a padà sí Òyìnbó kò rí àléébù, torí ó bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí. Agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kà á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ̀mí Mímọ́ ló wà nínú tèmi, Àǹtí." Ó sì mú "ní gbogbo ìgbà" nínú àwọn èsì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ Mùsùlùmí, òun bèèrè bóyá àlùjọ̀nnú ni. A yí i sí "Inú mi ń dùn, ara mi sì yá gágá". Ẹ má ṣe fi Yorùbá inú Bíbélì bi ọmọ pápá léèrè.

5. Ìwé àṣẹ, kóòṣì, àti ọ̀rọ̀ "ayé sú mi"

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ní yunifásítì yín kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó máa ń pẹ́, ẹ fi oṣù méjì sí mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò fọwọ́ sí i, ọmọ náà yóò sì sọ pé òun gbà. Bí òbí bá gbà tí ọmọ kọ̀, ó ti kọ̀ náà nìyẹn. Òfin tó ń dáàbò bo dátà ara ẹni wà ní Nàìjíríà láti 2023. Ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, kí ẹ tọ́jú ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà sí ibòmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́.

Kóòṣì ni yóò ṣílẹ̀kùn fún yín, òun náà ló sì lè ba iṣẹ́ yín jẹ́, láì jẹ́ pé ó ní ẹ̀mí búburú. Ní ẹgbẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, kóòṣì fẹ́ràn mi débi pé ó bá mi kó ìwé jọ. Mo dúpẹ́. Ìgbà tí mo yíjú padà, ó ti jókòó, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pe ọmọ kan: "Ìwọ, ta ni kì í jẹ́ kó o sinmi?" Mi ò lo ìwé kankan láti ẹgbẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ǹfílóòpù tí a ń lẹ̀ ni mo ń pín, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò lẹ̀ ẹ́, yóò sì jù ú sínú àpótí. Mo sì máa ń sọ fún kóòṣì ṣáájú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ má bínú sà, tí ẹ bá wà níbẹ̀, wọn ò ní sọ òótọ́." Wọ́n máa ń gbà, bí ẹ bá fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kì í ṣe àwọn lẹ wá yẹ̀ wò.

Ohun tó kàn yìí ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fò. Láàárín "ó sú mi" àti "ayé sú mi", ìgbésẹ̀ kan péré ni. Ẹni tó bá sọ èkejì kì í ṣe dátà mọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ pa ìwé dé. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ bèèrè tààrà bóyá ó ń rò ó láti ṣe ara rẹ̀ ní ibi. Bíbéèrè kì í gbìn ín síni lọ́kàn. Kí nọ́ńbà olùgbaninímọ̀ràn tàbí dókítà tó ti gbà láti ràn yín lọ́wọ́ ti wà nínú fóònù yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lo PHQ-9, ìwé ìbéèrè lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìbéèrè kẹsàn-án rẹ̀ ń bèèrè nípa èrò ikú. Ẹ gbọ́dọ̀ wo ìdáhùn ìbéèrè yẹn ní pápá kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nítorí èyí, kí ọmọ tó dáhùn, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin yóò wo ìbéèrè náà, àti pé bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, ẹ ò ní pa á mọ́.

Ẹ sì ṣọ́ orúkọ tí ẹ ó dá. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò l'Abẹ́òkúta ti ń ṣe iṣẹ́ ribiribi látọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, èébú ni orúkọ yẹn. Ẹ sọ pé "dókítà kan tó ń tẹ́tí sí èèyàn" ná.

6. Iye ènìyàn, àti ìgbà

Tí ẹ bá mọ iye gbogbo eléré ìdárayá tó wà nínú ẹgbẹ́ tí ẹ yàn, ìṣirò Yamane, tó ń sọ iye ènìyàn tó yẹ kí ẹ bi, yóò ṣiṣẹ́. Ká ní eléré ìdárayá 240 ló forúkọ sílẹ̀, tí ẹ gba àṣìṣe 0.05 láàyè: 240 ÷ (1 + 240 × 0.0025), ìyẹn 240 ÷ 1.6, yóò fún yín ní 150. Ẹ fi 15 kún un nítorí àwọn tí kò ní parí rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ 12 péré ló ń fo gíga ní gbogbo ìpínlẹ̀ yín, ẹ má ṣe fipá mú ìṣirò yìí. Ẹ tẹ̀ lé àwọn 12 náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ẹ máa bi wọ́n lójoojúmọ́. Mo fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí a rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ gbé kàlẹ́ńdà síwájú. Oṣù Ramadan ń yí oorun àti oúnjẹ padà. Ó lè jẹ́ àkọlé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ àgbákò. Òjò oṣù Kẹfà ń sọ pápá di àbàtà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé. Ẹni tó ní ẹgbẹ́ kan ní ìta yunifásítì nínú ètò rẹ̀ lè máa bá iṣẹ́ lọ.

7. Ìṣirò àti ọ̀rọ̀ ẹnu

Jamovi, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ máṣítà. Ẹ kọ́kọ́ wo alpha Cronbach ti ìwé tí ẹ túmọ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bóyá àwọn ìbéèrè rẹ̀ bára mu. Bí kò bá tó 0.70, ẹ padà lọ wo àwọn ìbéèrè kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ẹ bá rí i pé àwọn tí oorun wọn kò dára náà ni ó ti sú, ẹ kọ pé méjèèjì jọ ń rìn. Ẹ ò mọ èwo ló ń fa èwo. Ó lè jẹ́ gbèsè ilé ló ń gba oorun, tó tún ń jẹ́ kí eré sú wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe jáde, kí ẹ sì ṣe ìtúpalẹ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kọ tíísìs ni kí ẹ tó túmọ̀ èyí tí ẹ fẹ́ lò. Bí ẹ bá túmọ̀ ṣáájú, "ó rẹ̀" àti "ó sú" yóò tún di ọ̀kan.

8. Kí ẹ tó lọ di tíísìs

Ẹ kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e padà lọ sí pápá. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí wọn kò ní ìdánrawò tó le, ẹ ra omi dání, ẹ kà á sí wọn létí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín jà lórí rẹ̀.

Èmi kà tèmi, mo dé ibi tí mo ti ní àwọn tó ń sùn lọ́sàn-án ni oorun alẹ́ wọn kò dára, pé kí wọ́n dín oorun ọ̀sán kù. Ọmọkùnrin kan tó ń ju ọ̀kọ̀ ní kí n dúró ná. Ó ní, "Àǹtí, jẹnẹ́rétọ̀ ilé kejì kì í jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀sán yẹn nìkan la ní." Àwọn yòókù ń mi orí. Mo mú bírò, mo padà sí orí kẹrin tíísìs mi.